Dial-up ọ̀fẹ́: ṣé ó ṣì tó lò, àbí ká gbàgbé rẹ̀?

Adùnní_ỌmọTíṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ibi tí wọ́n ń gbé jìnnà sí òpó fóònù alágbèéká. Tí wọ́n bá fẹ́ kí fóònù ọwọ́ wọn gbé nẹ́tíwọọ̀kì, àfi kí wọ́n gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù ilé wọn, èyí tó ń gba orí waya wọlé, kò já wọn kulẹ̀ rí.

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ní ihò módẹ́ẹ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ìlà fóònù. Ohun tí wọ́n fẹ́ ò pọ̀: kí wọ́n máa kọ ímeèlì sí àwa ọmọ àti sí àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa ka ìròyìn. Íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì wà, àmọ́ owó oṣù rẹ̀ ju agbára owó ìfẹ̀yìntì lọ. Mo wá rí ilé-iṣẹ́ kan tó ń fúnni ní dial-up, íntánẹ́ẹ̀tì tí kọ̀ǹpútà ń fi ìlà fóònù ilé pè, lọ́fẹ̀ẹ́, wákàtí 10 lóṣù. Wọ́n ní ká fi ètò tiwọn sórí kọ̀ǹpútà, ìpolówó á sì máa hàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé ayé dial-up ti kọjá. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lò ó rí ni kó dá mi lóhùn.

Ayékòótọ́

Ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́. Ẹ má sún mọ́ ọn.

Mo lò ó rí, oṣù kan péré. Ètò tí wọ́n fún mi ló yan nọ́ńbà tí módẹ́ẹ̀mù mi ń pè, èmi ò sì bèèrè ibi tí nọ́ńbà náà wà. Àfi ìgbà tí ìwé owó fóònù dé. Ìlú mìíràn ni mò ń pè lálaalẹ́, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń ka owó lé lórí. Ohun tí mo san lóṣù yẹn, ǹ bá fi ra íntánẹ́ẹ̀tì tó jí pépé fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní ó wà nínú àdéhùn tí mo tẹ "mo gbà" sí. Ìyá mi ló bá mi san díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Bàbá_Módẹ́ẹ̀mù

Adùnní, ọmọ mi, o kú ìtọ́jú bàbá. Ayékòótọ́, pẹ̀lẹ́. Irú ìwé owó yẹn, mo ti gbọ́ ẹkún rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà débi tí mi ò lè kà á mọ́. Ọdún 9 ni mo lò nídìí fóònù ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta dial-up. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá kọ̀ tí kò wọlé, èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni ẹni tó ń sanwó. Sáfà, àwọn kọ̀ǹpútà tó ń dá oníbàárà lóhùn, ń jẹ iná. Gbogbo módẹ́ẹ̀mù tó ń gbé ìpè lọ́dọ̀ wọn ló wà lórí ìlà fóònù, ìlà yẹn sì lówó lórí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ san án. Téèyàn bá ti mọ ẹni náà, ó ti mọ ibi tí ewu wà.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn apolówó ló ń san án. Oṣù Kẹwàá 1998 ni NetZero, ilé-iṣẹ́ dial-up ọ̀fẹ́ kan, bẹ̀rẹ̀. O ò san ohunkóhun, ṣùgbọ́n pátákó ìpolówó kan á jókòó sójú kọ̀ǹpútà rẹ, kò sì ṣeé tì. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ kì í sanwó ìṣẹ́jú lórí ìpè tòsí, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Nígbà tí owó ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì wó ní 2000, àwọn ọlọ́fẹ̀ẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó. 1stUp, tó wà nídìí dial-up ọ̀fẹ́ AltaVista (ojúlé tí wọ́n fi ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ti ilẹ̀kùn kí ọdún náà tó parí. NetZero fi gbèdéke sí tirẹ̀: wákàtí 40 lóṣù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2001, kí 2001 náà sì tó parí ó ti di 10. Ọdún yẹn kan náà ló da pọ̀ mọ́ Juno, ọlọ́fẹ̀ẹ́ mìíràn, tí wọ́n di United Online. Nítorí náà, wákàtí 10 tí o rí yẹn, ojú rẹ̀ kì í ṣe tuntun sí mi.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbé e gbà. Freeserve, tí ilé-iṣẹ́ Dixons dá sílẹ̀ ní 1998, kì í gba owó oṣù. Ìpè tòsí gan-an ni wọ́n ń ka owó ìṣẹ́jú lé lórí níbẹ̀, Freeserve sì ń rí tirẹ̀ gbà nínú owó ìpè yẹn. Ìjọba Íjíbítì náà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 2002: owó ìpè tòsí nìkan lèèyàn ń san, ilé-iṣẹ́ fóònù àti ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì á sì pín in. Níbi tí ètò bá rí báyìí, bí o bá ṣe pẹ́ tó lórí ìlà ni wọ́n ṣe ń jèrè tó.

Irú kìíní ni Ayékòótọ́ rò pé òun wọ̀, owó irú kejì ló san, ó tún wá jẹ́ owó ìpè ọ̀nà jíjìn.

Adùnní, kí o tó fi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà bàbá, wá nọ́ńbà tí yóò máa pè. Kọ ọ́ sínú ìwé. Pe ilé-iṣẹ́ tó ni ìlà fóònù bàbá, kì í ṣe àwọn tó ń fúnni ní dial-up o, kí o sì bi wọ́n pé: láti ìlà yìí sí nọ́ńbà yìí, eélòó ni ìṣẹ́jú kan? Kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó dá ọ lóhùn síbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé ó wà nínú owó oṣù ìlà náà, a lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ ni kó parí sí.

Oníṣirò

Ẹ jẹ́ n gbé ìṣirò kalẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù tó ń tẹ̀ lé ìlànà V.90, tó jáde ní 1998, ni wọ́n ń pè ní 56K, àmọ́ òfin FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Amẹ́ríkà, ò jẹ́ kó kọjá kílóbíìtì 53.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ìlà ì báà tilẹ̀ dára tó. Ẹ jẹ́ ká mú 48, tó jẹ́ ìlà tó gbádùn. Bíìtì 8 ló ń di báìtì 1, nítorí náà ìyẹn jẹ́ kílóbáìtì 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lẹ́tà ímeèlì tí kò ní àwòrán, bíi kílóbáìtì 10: kò tó ìṣẹ́jú àáyá 2. Fọ́tò tí fóònù òde òní yà, ká ní MB 3, ìyẹn kílóbáìtì 3,000: ó lé ní ìṣẹ́jú 8 kó tó wọlé. Tó bá jẹ́ pé bàbá ló fẹ́ fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́, á tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kílóbíìtì 33.6 ni V.90 lè gbé jáde. Ìṣẹ́jú 12 nìyẹn.

Wákàtí kan gbáko, bí ìlà ò bá já: MB 21.6. Wákàtí 10: MB 216. Gbogbo oṣù nìyẹn o! Ojú-ìwé ìròyìn ayé òde òní tó bá wúwo tó MB 2, á tó ìṣẹ́jú 5 ààbọ̀ kó tó jókòó tán. Bàbá á ti lọ jẹun, á ti padà dé.

Ayékòótọ́

Oníṣirò, ẹ ṣeun. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì

Mo gbọ́ ìṣirò yín, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìlà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ kà: lẹ́tà, ìṣẹ́jú àáyá méjì. Kí ni bàbá Adùnní ní àwọn fẹ́ ṣe? Lẹ́tà ni.

Mo lo dial-up ọ̀fẹ́ fún ọdún mẹ́ta nígbà tí mo ń kàwé gboyè. Owó ò sí, ọmọ méjì sì wà lọ́rùn mi. Mi ò lo ju wákàtí mẹ́ta lọ lóṣù. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mi ò kì í kọ lẹ́tà kankan nígbà tí ìlà bá wà ní ṣíṣí. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn, mo máa ṣí ètò ímeèlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣí nínú búráwúsà. Mo máa kọ lẹ́tà mẹ́rin, márùn-ún, mo máa kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo máa tò wọ́n síbi tí wọ́n ti ń dúró de ìgbà tí ìlà bá ṣí. Ìgbà yẹn ni mo tó yọ waya lára fóònù ara ògiri, tí mo ki í bọ ihò módẹ́ẹ̀mù.

Ẹ mọ ariwo yẹn, kò ṣeé gbàgbé. Á kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà, ti ọ̀hún á dáhùn pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín kan, lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì á wá máa han bí ẹni ń ya aṣọ. Etí mi ti mọ̀ ọ́n débi pé mo lè sọ bóyá ìlà dára lálẹ́ yẹn. Bí híhan tó kẹ́yìn bá ń gé, tó ń kẹ́kẹ́kẹ́, mo máa pa á kí n tún un pè. Bó bá ti wọlé, lẹ́tà tèmi á jáde, tiwọn á wọlé, mo gé ìlà. Ìṣẹ́jú méjì, ó pẹ́ jù mẹ́ta. Mo máa wá jókòó ka àwọn tó wọlé ní pẹ̀lẹ́tù, láìsí pé nǹkan kan ń ka ìṣẹ́jú lé mi lórí. Orí ìwé tí mo fi gboyè, orí ìlà ọ̀fẹ́ yẹn ni olùkọ́ mi ti ń fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ẹni tó ń kọ lẹ́tà kò nílò kí íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó nílò kó wà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lóòjọ́. Ìṣẹ́jú 90 nìyẹn lóṣù. Nínú wákàtí 10, mélòó ló kù?

Oníṣirò

Wákàtí 8 ààbọ̀ ló kù. Mo gbà fún yín, Ìyá Ìbejì.

Adùnní_ỌmọTíṣà

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, torí bí bàbá mi ṣe ń kọ lẹ́tà gan-an nìyẹn: wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé ná, wọ́n á tún un kọ. Ìbéèrè méjì ló kù. Ètò ilé-iṣẹ́ náà ní àpótí ímeèlì tirẹ̀, inú búráwúsà nìkan ló sì ti ń ṣí. Ṣé bàbá lè lo ètò bíi tiyín? Ìkejì, Windows XP ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Ṣé kò léwu?

Kọ́kọ́rọ́_Ẹnuọ̀nà

Ó léwu. Nílé tó ní Wi-Fi, ráútà wà láàárín kọ̀ǹpútà àti ayé, ó ń dá àlejò tá ò pè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dial-up ò ní irú rẹ̀. Bí módẹ́ẹ̀mù bá ti wọlé, ìta gbangba ni kọ̀ǹpútà dúró sí.

Ní Oṣù Kẹjọ 2003, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Blaster wọ inú Windows XP àti 2000 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Kí ẹ̀rọ ṣáà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti tó. Àpótí kan á yọ, á máa ka ìṣẹ́jú àáyá 60 wálẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì pa ara rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni oògùn rẹ̀ wà, ìlà wa ò sì yára tó láti gbà á kí iye yẹn tó pé. Mo jókòó síwájú àpótí yẹn ní ìgbà mẹ́fà lálẹ́ ọjọ́ kan. Sasser ṣe bẹ́ẹ̀ náà ní 2004. Nígbà tí Microsoft gbé Service Pack 2, àkójọ àtúnṣe ńlá kan, jáde fún XP lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn, odidi fáìlì rẹ̀ lé ní MB 260. Ẹ fi ìṣirò Oníṣirò gbé e: ó ju wákàtí 12 lọ. Wákàtí ọ̀fẹ́ oṣù kan á tán kó tó wọlé. Microsoft gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó bá béèrè.

Láti 2014 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú àtúnṣe XP fún ará ilé. Nítorí náà, ẹ gbé kọ̀ǹpútà tuntun díẹ̀ lé bàbá lọ́wọ́, ẹ ṣe gbogbo àtúnṣe ààbò rẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yára kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ tan ògiri ààbò (firewall) inú rẹ̀, tó ń dá àlejò dúró. Ẹ sì gbé e padà síbi tó yára lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti fi dial-up ṣe àtúnṣe.

Ẹ ka àdéhùn náà pẹ̀lú. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ní 2001, Juno tún àdéhùn àwọn oníbàárà ọ̀fẹ́ rẹ̀ kọ, ó fi sínú rẹ̀ pé àwọn lè máa fi kọ̀ǹpútà oníbàárà ṣe ìṣirò tiwọn nígbà tí kò bá ń ṣe nǹkan, àwọn sì lè ní kó má pa kọ̀ǹpútà náà rárá. Iná ta ni yóò jẹ? Ẹni tó fi ìpolówó sanwó lánàá lè rí ohun mìíràn tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́la.

Bàbá_Módẹ́ẹ̀mù

Ó sọ ọ́ ire. Ẹ jẹ́ n dáhùn ti ímeèlì. Dial-up kàn ń ṣí ọ̀nà ni, kò sí ohun tó ní kí bàbá lo àpótí ímeèlì tiwọn. Ṣí àpótí fún wọn sí ibòmíràn tó gba IMAP tàbí POP, ọ̀nà tí ètò orí kọ̀ǹpútà fi ń gba lẹ́tà wọlé, kí o fi Thunderbird, irú ètò ímeèlì tí Ìyá Ìbejì sọ, sórí kọ̀ǹpútà, kí o sọ fún un pé ìgbà tí bàbá bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ni kó lọ wo lẹ́tà. Sọ fún un pẹ̀lú pé kó má gba lẹ́tà tó bá ju kílóbáìtì 50 lọ, kó gba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan. Bí bàbá bá rí i pé fọ́tò ọmọ-ọmọ ló wà níbẹ̀, wọ́n á fúnra wọn pinnu bóyá àwọn fẹ́ dúró de ìyókù.

Kọ̀ǹpútà tuntun kì í ní ihò módẹ́ẹ̀mù mọ́. Èyí tó ń gba ihò USB wà. Ra èyí tó ní ọpọlọ tirẹ̀ nínú, má ra èyí tó ń yá ọpọlọ kọ̀ǹpútà lò. Àwọn elékejì yẹn ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n máa ń pè mí lé lórí láàárọ̀ kùtù.

Ẹ wo ètò ilé-iṣẹ́ yẹn náà dáadáa. Níbòmíràn, ètò tiwọn gan-an ló ń gbé ìpolówó wá, láìsí i kò sí ọ̀nà. Ìpolówó yẹn ń jẹ nínú kílóbáìtì 6 tí Oníṣirò kà. Ó kéré, àmọ́ ó wà ńbẹ̀.

Tanímọ̀la

Kékeré kan: tí ìlà bàbá bá ní ètò tó máa ń dún pìì nígbà tí ẹlòmíràn bá ń pè, ìró yẹn á gé módẹ́ẹ̀mù. Ní Amẹ́ríkà, *70 ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáájú nọ́ńbà láti pa á fún ìpè yẹn nìkan. Ẹ béèrè tiyín. Bí fóònù kejì bá sì wà nínú yàrá, kí ẹnikẹ́ni má gbé e nígbà tí ìlà bá ń ṣiṣẹ́.

Olùtọ́jú_Ìlà

Ẹ̀yin ò tíì béèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ṣé waya bàbà ṣì ni, láti ilé bàbá dé ilé-iṣẹ́ fóònù? Iṣẹ́ mi ni àtúnṣe ìlà. Ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé fóònù ilé ṣì ń dún bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ ti di ti íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti gé ohùn sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti fún un pọ̀ kó lè kéré. Etí èèyàn ò lè mọ ìyàtọ̀. Módẹ́ẹ̀mù mọ̀ ọ́n. Ó lè máa han fún ìṣẹ́jú kan kó má wọlé, tàbí kó wọlé kó sì já lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fi Oṣù Kìíní 2027 ṣe òpin ìlà fóònù àtijọ́ pátápátá. AOL, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ dial-up, ti pa tirẹ̀ ní 30 Oṣù Kẹsàn-án 2025, ti olówó sì nìyẹn o. Mi ò ní kí bàbá má lò ó. Mo ní kí ẹ béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó kí wọ́n tó gbé waya yẹn kúrò, kí ẹ má bàa kọ́ bàbá ní nǹkan tí wọn ò ní lò tó ọdún kan.

Ọ̀nà_Ẹ̀bùrú

Mo fẹ́ sọ ìdí tí mi ò fi ní ju módẹ́ẹ̀mù tèmi nù láéláé.

Lóru mọ́jú 28 Oṣù Kìíní 2011, ìjọba Íjíbítì pa íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìkankan mọ́ ní odidi orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n fóònù ilé ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì lè pe òkè òkun. French Data Network, ẹgbẹ́ kékeré kan nílẹ̀ Faransé tí kì í ṣe torí èrè, ya nọ́ńbà dial-up kan sọ́tọ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ tí wọ́n á fi wọlé ni "toto", páásíwọọ̀dù rẹ̀ náà ni "toto". Ẹnikẹ́ni tó bá ní módẹ́ẹ̀mù nílé lè pè é. Owó ìpè òkè òkun ń lọ, ìlà sì ń fà bí ìgbín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ jáde. Ọjọ́ 2 Oṣù Kejì ni wọ́n tó dá íntánẹ́ẹ̀tì padà.

Bí ẹnì kan bá bi mí pé ṣé dial-up ọ̀fẹ́ tó lò, mi ò lè gbàgbé àwọn tó lò ó lọ́sẹ̀ yẹn.

Ayékòótọ́

Mi ò mọ ìtàn yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣeun.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Mi ò yí padà lórí ohun kan: ẹni tó bá pe nǹkan ní ọ̀fẹ́, ó yẹ kó kọ iye tí ìpè yóò jẹ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ní lẹ́tà gàdàgbà. Ẹni tí wọ́n ń polówó ọ̀fẹ́ fún kì í sábà jẹ́ ẹni tó lówó nílẹ̀. Bí ìwé owó bá dé bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ló ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Adùnní bá ti béèrè nọ́ńbà bí Bàbá Módẹ́ẹ̀mù ṣe wí, tí wọ́n sì dá a lóhùn dáadáa, mi ò ní sọ pé kó má ṣe é mọ́. Adùnní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe lọ.

Adùnní_ỌmọTíṣà

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ti lọ sọ́dọ̀ bàbá, mo ti padà dé.

Nọ́ńbà méjì ni ètò náà gbé wá. Mo pe ilé-iṣẹ́ ìlà fóònù pẹ̀lú méjèèjì. Wọ́n ní ìkíní wà lára ìpè tòsí tí owó oṣù bàbá ti kárí. Ìkejì, tí ètò náà fi sókè pátápátá tí ó sì ti yàn fúnra rẹ̀, ìpè ọ̀nà jíjìn ni. Ayékòótọ́, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ yín ni, ohun tó ṣe yín ni ì bá ṣe bàbá mi. Mo pa èyí rẹ́ kúrò nínú ètò náà, mo kọ ìkíní sínú páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè kọ̀ǹpútà. Mo ní kí bàbá máa fi wé ohun tó bá yọ lójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ "pè".

Olùtọ́jú Ìlà, mo béèrè. Waya bàbà ṣì ni, wọn ò sì tíì ní ọjọ́ kankan tí wọ́n máa gbé e kúrò ní àdúgbò yẹn. Àbúrò mi yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà rẹ̀ kan, mo ṣe gbogbo àtúnṣe rẹ̀ nílé mi kí n tó gbé e lọ. Módẹ́ẹ̀mù tó ń gba ihò USB ni mo rà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wọlé, bíìtì 45,333 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló kọ. Oníṣirò, ẹ ò jìnnà.

Mo dán ìròyìn wò. Ojú-ìwé kan péré, mo wo aago: ìṣẹ́jú 7, ìpolówó ilé-iṣẹ́ náà sì ti yí padà nígbà mélòó kan kí àkọlé tó hàn. Bàbá ní kí n pa á. A ti fi iyẹn sílẹ̀. Rédíò ni wọ́n á fi máa gbọ́ ìròyìn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, èmi náà á sì máa da ọ̀rọ̀ èyí tó bá wù wọ́n kọ sínú lẹ́tà láìfi àwòrán sí i.

Ti lẹ́tà wá yàtọ̀. Wọ́n kọ èyí àkọ́kọ́ sórí ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka méjì fún nǹkan bíi wákàtí kan, ìlà sì wà ní pípa ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ki waya bọ módẹ́ẹ̀mù fúnra wọn. Nígbà tí ariwo yẹn bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lára tábìlì, ẹ̀rù bà wọ́n pé àwọn ti ba nǹkan jẹ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́, "a ti ránṣẹ́" yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú kan. Wọ́n yọ waya, wọ́n dá a padà sára fóònù, wọ́n gbé fóònù sétí láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń dún.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọ́n lo ìṣẹ́jú 38. Ìwé owó fóònù dé lánàá, mo ní kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí lórí fóònù, láti ìlà kìíní dé ìkẹyìn. Kò sí àfikún kankan.

Lẹ́tà karùn-ún wọlé sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n ń bi mí léèrè bóyá Ìyá Ìbejì náà jẹ́ tíṣà.